Abala Òbìrìkìtì Tó Sọ̀rọ̀ Ikú Ọmọ Ogun

Ọ̀pọ̀ wa kọ́ bí a ṣe ń ṣírò fífẹ̀ abala òbìrìkìtì nílé ẹ̀kọ́, a sì ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1858, Florence Nightingale fi í sọ̀rọ̀ ikú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Crimea.

Ó pín òbìrìkìtì sí abala méjìlá, oṣù kan fún abala kan. Igun ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 nínú 360. Tí ẹ bá fẹ́ mọ fífẹ̀ abala kan, ẹ wọn ọ̀nà láti àárín dé etí, ẹ fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 3.14 sọ èyí tí ẹ rí di púpọ̀, kí ẹ wá fi 12 pín in.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí ikú bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni abala yóò gùn sí i. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán ti parọ́ nìyẹn. Nítorí náà, fífẹ̀ ni Nightingale fi dúró fún bí ikú ṣe pọ̀ tó, kì í ṣe gígùn.

Kí ni àwòrán náà fi hàn? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1855, ọgbẹ́ pa ọmọ ogun 83. Àrùn tí ìmọ́tótó lè dènà pa 2,761. Ní oṣù kẹta, àwọn aṣàyẹ̀wò ìmọ́tótó tí ìjọba rán dé Scutari. Lẹ́yìn náà, àwọn abala kéré ju ti oṣù kìn-ín-ní lọ.

Ọ̀tá kọ́ ló pa wọ́n jù, ìdọ̀tí ni.