Lẹ́tà d nínú Yacc: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìsọlórúkọ Àṣàyàn fún Irinṣẹ́ tí Ń Kọ Kóòdù

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ. Lẹ́tà náà ni d, ọ̀kan nínú àwọn àṣàyàn tí a máa ń kọ tẹ̀ lé orúkọ Yacc lórí ìlà àṣẹ. Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà ló jẹ́ kí àṣẹ Unix kúrú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́tà 10 péré ni ẹ̀rọ Teletype oríṣi 33 lè tẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó bá sì ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní fẹ́ fa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé àlàyé náà kò kárí. Ó bá àṣẹ bíi ls mu. Kò bá Yacc mu.

Stephen C. Johnson ló ṣe Yacc ní Bell Laboratories. Ìjábọ̀ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1975, ọdún kan náà tí ìjábọ̀ M. E. Lesk àti E. Schmidt lórí Lex jáde. Irinṣẹ́ tí ń kọ kóòdù ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń lo Yacc yóò kọ òfin gírámà èdè kan sínú fáìlì. Yacc yóò ka àwọn òfin náà, yóò sì fi èdè C kọ ètò tí yóò máa tú ìhun gbólóhùn èdè náà palẹ̀. Inú y.tab.c ni ó ń kọ ọ́ sí, ohun yòówù kí fáìlì gírámà náà máa jẹ́. Bí a bá fi -d kún àṣẹ, yóò kọ fáìlì kejì, y.tab.h, níbi tí nọ́ńbà tó fún ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Fáìlì yìí ni ètò tí Lex bá kọ yóò lò, kí nọ́ńbà ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Bí a bá sì fi -v kún un, yóò kọ y.output, ìyẹn àlàyé tí ènìyàn lè kà nípa ibi tí òfin ti forí gbárí.

Ta ni ó ń tẹ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ọwọ́ ènìyàn ló ń tẹ ls, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Yacc kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Stuart Feldman ti ṣe Make ní 1976, inú Makefile ni àṣẹ Yacc sábà máa ń gbé: ẹnì kan yóò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Make yóò sì máa pè é títí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹlòmíràn ni yóò bá a níbẹ̀. Òǹkàwé ni onítọ̀hún, kò tẹ ohunkóhun. Kí wá ni àǹfààní kíkúrú lẹ́tà náà fún un?

Ìṣòro náà tún hàn bí a bá fi Yacc wé Lex. Bí ìbejì ni wọ́n rí, inú Makefile kan náà ni a sì ti sábà ń bá wọn pàdé. Síbẹ̀, -t lọ́dọ̀ Lex ń sọ pé kí kóòdù má lọ sínú fáìlì, kí ó jáde lójú ọ̀nà ìgbájáde gbogbogbòò. -t lọ́dọ̀ Yacc ń sọ pé kí kóòdù tí a fi ń wá àṣìṣe ṣiṣẹ́. Getopt, tí AT&T fi sóde fún gbogbo ayé ní 1985, ṣètò bí a ó ṣe máa to dáàṣì àti lẹ́tà, kò dá sí ìtumọ̀. Ìlànà POSIX.2 ti 1992 náà fi ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. (Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé àkọtọ́ kì í ṣe atúmọ̀-èdè.) Inú ìlànà kan náà ni -b àti -p wà, èyí tí ó wúlò nígbà tí gírámà méjì bá wà nínú ètò kan, tí orúkọ wọn sì ń forí gbárí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń fún orúkọ: ti fáìlì ni -b, ti inú kóòdù ni -p. Ẹni tí kò bá ṣí ìwé kò lè mọ èwo ni èwo. Bison sọ ọ́ ní gbangba: --file-prefix àti --name-prefix.

Ní 1985 ni Robert Corbett kọ Bison. Richard Stallman ló sọ ọ́ di ohun tó bá Yacc mu. Àwọn GNU ló mú orúkọ gígùn wọlé, àmì + ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣáájú rẹ̀ kí ó tó di dáàṣì méjì. Nígbà náà ni -d di --defines. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò níbí ni #define, ìlà èdè C tó kún inú y.tab.h. Bí a ti ṣe fáìlì náà ni orúkọ yìí ń sọ, kò sọ ohun tí fáìlì wà fún. Nígbà tí Bison wá ń fi enum to nọ́ńbà wọ̀nyí, orúkọ náà kò bá ohun tó wà nínú fáìlì mu mọ́. Ní 2021, nínú Bison 3.8, wọ́n pa á dà sí --header, pẹ̀lú -H. Wọn kò lè pa -d rẹ́, nítorí POSIX. Wọn kò sì lè jẹ́ kí ó gba orúkọ fáìlì, nítorí pé POSIX fẹ́ kí ó ṣeé so mọ́ lẹ́tà mìíràn, bíi -dv. -H ni ó ń gba orúkọ.

Ẹnì kan lè sọ pé gígùn orúkọ nìkan ló ń jẹ́ kí ó yéni. A kò gbà bẹ́ẹ̀: --defines gùn, ó sì ṣini lọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo protoc, tí Google fi sóde ní 2008. Àṣàyàn rẹ̀, --java_out tàbí --cpp_out, kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó dárúkọ èdè tí kóòdù yóò jẹ́, ìsàlẹ̀ tí yóò lọ sì wà lẹ́yìn àmì ìdọ́gba. Ẹni tó bá ka Makefile tí irú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ yóò mọ fáìlì tí ó yẹ kí òun wá, àti ibi tí yóò wá a sí.