Hóró Ojú: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Rí Iwájú Ẹyinjú àti Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ ní Pobè àti Sakété

Ní ọdún tí mò ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí mi lórí ẹ̀ka-èdè Nàgó, wọ́n bẹ̀ mí kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún àwọn dókítà ojú tí wọ́n wá fún ọ̀sẹ̀ kan sí agbègbè Sakété. Faransé nìkan ni dókítà tí mo bá ṣiṣẹ́ gbọ́. Ìyá àgbà kan wá láti ẹ̀bá Pobè, ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣú. Dókítà ní àwọn á yọ cristallin, àwọn á sì fi implant sí i. Mo yíjú sí ìyá, mo ní: "Ìyá, wọ́n á yọ ẹyin ojú yín tó ti bàjẹ́, wọ́n á fi dígí rọ́pò rẹ̀." Ìyá tá ọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun kò tíì kú tí wọ́n á fi wá yọ ojú òun, kí ọmọ òun mú òun relé. Ọ̀sẹ̀ náà parí, kò padà wá.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó ní ìtàn tó gùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Èdè wa kò ṣaláìní orúkọ fún ohun tó wà lójú. A ní ẹyinjú, a ní ìpéǹpéjú, a ní dúdú ojú àti funfun ojú. A ní ọmọlójú, tí a tún fi ń pe ẹni tí a fẹ́ràn. Nínú èdè Látìnì, pupilla jẹ́ ọmọbìnrin kékeré. Korē ti Gíríìkì náà jẹ́ ọmọbìnrin. Ẹni tó bá wo inú ojú ẹlòmíràn dáadáa yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀ ní kékeré, bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ọmọlójú, tí àwọn Faransé ń pè ní cristallin, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kò yani lẹ́nu: nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, ó mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ojú lásán kò lè rí i. Ìgbà tó bá ṣú ni a tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, a ó sì wí pé nǹkan funfun ló bo ojú lágbájá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, bò, ló yẹ kí a dúró tì. Olùwà rẹ̀ jẹ́ ohun tó ti ibòmíràn wá, àbọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé nǹkan bo ojú òun ti sọ èrò rẹ̀ nípa àìsàn náà: ohun kan wà lókè tó yẹ kí a nù kúrò. Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn oníṣègùn Lárúbáwá ní omi ló ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ojú, àwọn tó tú ìwé wọn sí Látìnì sì mú cataracta, omi tó ń ya láti òkè, fún un. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn Faransé méjì, Michel Brisseau àti Antoine Maître-Jan, tó fi hàn pé cristallin fúnra rẹ̀ ló ṣú. Ní 1747, Jacques Daviel yọ ọ́ jáde lójú aláìsàn.

Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan náà wọ ẹ̀yìn ojú kò dẹ́kun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti tọ́jú nítorí àìsàn yìí, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìdí tó fi ń tà ni pé aláìsàn ń rí ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ á sì gbà pé ohun tó bò ó ti ṣí kúrò. Ojú náà lè bàjẹ́ pátápátá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n alábẹ́rẹ́ ti kọjá sí ìlú mìíràn.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni rírí. Allvar Gullstrand, ará Sweden, gbé àtùpà onílà tín-ín-rín jáde ní 1911. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń la ojú bí ọ̀bẹ ṣe ń la iṣu, dókítà á rí awọ iwájú, omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti cristallin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Irú àtùpà yìí ni wọ́n fi ń rí ọmọ kòkòrò àìsàn ìfọ́jú etí odò tó ń jà nínú omi iwájú ojú. Harold Ridley, tó fi cristallin àtọwọ́dá àkọ́kọ́ sójú ènìyàn ní St Thomas' Hospital, London, ní 29 November 1949, ti ṣiṣẹ́ dókítà ológun ní Gold Coast, Gánà òde òní, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àìsàn etí odò yìí ló kọ́ níbẹ̀, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1945. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rántí ìyẹn. Ike tó lò jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ṣe fèrèsé bàálù ogun, nítorí ó ti rí i pé ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú tí èérún rẹ̀ wọlé sí kò bá a jà.

Àwòrán tẹ̀lé e. Ọ̀nà tí Theodor Scheimpflug, ológun Austria, ṣe ní 1904 láti tún fọ́tò ilẹ̀ tí wọ́n yà látòkè ṣe ni wọ́n wá fi ń ya iwájú ojú, kí ibi tó dagun má bàa ṣú. OCT dé ní 1991, wọ́n sì lò ó fún iwájú ojú ní 1994. Wọ́n ń fi irú ẹ̀rọ báyìí wọn ìtẹ̀kọ̀rọ̀ awọ iwájú àti jíjìn omi ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó yan agbára ike, wọ́n sì ń fi wò ó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bóyá ó jókòó dáadáa.

Àdéhùn 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín wa. Ní Pobè mo ń gbọ́ lunẹ́ẹ̀tì, lẹ́nu àwọn ìbátan wa ní Ìláró mo ń gbọ́ gíláàsì. Àtòjọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ń lo àmì abẹ́ lẹ́tà, ní Bẹ̀nẹ̀ ɛ àti ɔ la fi ń kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì Pobè kì í sábà rí ti ọ̀hún kà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mo lọ sílé ìyá náà. Mo mú àwòrán ojú kan dání, èyí tí ẹ̀rọ là sí méjì, tí wọ́n tẹ̀ ní títóbi. Mo tọrọ àforíjì. N kò túmọ̀ nǹkan kan. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó rí fún un, kí ìyá sì fi ìka tọ ìlà tí mo fi lẹ́ẹ̀dì tẹ̀ jinlẹ̀ sórí bébà. Ó dé orí cristallin, ó ní: "Hóró ẹ̀wà rèé." N kò lè ṣe kí n má rẹ́rìn-ín: lens tí gbogbo ayé ń pè é, orúkọ irú ẹ̀wà kan ni ní Látìnì. Mo wá sọ fún un pé ẹyinjú rẹ̀ kò ní kúrò, hóró tó ṣú nìkan ni wọ́n á yọ, wọ́n á fi hóró ike sí àyè rẹ̀. Ó ronú títí.

"Ọmọ mi, ṣé hóró tuntun yẹn kò ní hù?"

Mo ní rárá. Nígbà tí àwọn dókítà tún dé, tí ó sì gbà kí wọ́n ṣe ọ̀kan, mo sọ ìbéèrè náà fún nọ́ọ̀sì, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní kí n padà lọ tún èsì mi ṣe fún ìyá: ike kì í hù, ṣùgbọ́n èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè tún ṣú, bó bá sì ṣẹlẹ̀, kí ó padà wá.