Bí Ẹ̀rọ Fótókọ́pì Àtijọ́ Kò Bá Fi Ímeèlì Ránṣẹ́ Mọ́: Àwọn Ìgbésẹ̀ Tí Ẹ Lè Gbé

Ẹ̀rọ fótókọ́pì tòkunbọ̀ wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì, ilé-ìwé, ilé ìjọsìn àti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú wọn lè síkáànì ìwé, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ tààrà sí àdírẹ́sì ímeèlì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò kọ iṣẹ́ yìí lójijì, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń ṣe ẹ̀dà ìwé láìsí wàhálà. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ilẹ̀ tàbí èsì ìdánwò ọmọ ilé-ìwé kò ní lè kúrò nílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un yóò sì máa lọ. Kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ímeèlì ni ó ti yí ọ̀nà ìwọlé padà. Ẹ tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

1. Ẹ mọ ibi tí ìṣòro wà

Ẹ síkáànì ìwé kan sínú fíláàṣì. Bí ó bá wọlé, apá tí ń síkáànì kò ní àbùkù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìwé kan jáde láti orí kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Bí kò bá jáde, nẹ́tíwọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ wo wáyà, kí ẹ sì wádìí bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ráútà, nítorí pé IP Address, Gateway àti DNS tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ láyé ráútà àtijọ́ lè má bá tuntun mu.

Ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú. Bí ó bá ní òun kò rí sáfà, èyíinì ni kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ímeèlì, ẹ wo nẹ́tíwọ̀kì àti nọ́ńbà Port. Bí ó bá mẹ́nu ba Authentication, ọ̀rọ̀ aṣínà ni kí ẹ wò.

2. Ẹ yẹ ọjọ́ àti aago wò

Bí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ bá ti kú, tí iná sì lọ, ọjọ́ inú rẹ̀ lè padà sí ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Sáfà máa ń fi ìwé ẹ̀rí ìdánimọ̀ tí ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí han ẹ̀rọ. Bí ọjọ́ inú ẹ̀rọ kò bá tọ̀nà, ó lè kọ ìwé ẹ̀rí náà bí ẹni pé ayédèrú ni. Ẹ rántí pé wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú GMT.

3. Ẹ yẹ orúkọ sáfà àti nọ́ńbà Port wò

Fún Gmail, orúkọ sáfà ni smtp.gmail.com. Port 587 ni a ń lò pẹ̀lú STARTTLS, Port 465 sì ni a ń lò pẹ̀lú SSL. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dí Port 25 tí a sábà máa ń bá nínú ẹ̀rọ àtijọ́, kí àwọn oníjìbìtì má baà máa gba ibẹ̀ fi ímeèlì ránṣẹ́. Ẹ rí i pé àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ tí ẹ kọ sínú ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń wọlé.

4. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kọsẹ̀. Láti ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀rọ tí ó bá fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà lásán wọlé padà. App Password, tí ó ní lẹ́tà 16, ni kí ẹ lò dípò rẹ̀:

- Ẹ wọ inú Google Account yín, kí ẹ tan 2-Step Verification.
- Ẹ ṣí ojú-ewé App Passwords, ẹ fún ẹ̀rọ náà ní orúkọ, kí ẹ sì da lẹ́tà 16 tí ó bá yọ kọ.
- Ẹ tẹ̀ wọ́n sí àyè ọ̀rọ̀ aṣínà lórí ẹ̀rọ, láìfi àlàfo sáàárín wọn.

Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà Google yín lẹ́yìn náà, ti ẹ̀rọ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́; ẹ óò ní láti ṣe òmíràn.

Ní ti Outlook.com àti Hotmail, láti ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, ni Microsoft ti ń béèrè ọ̀nà ìwọlé tuntun tí a ń pè ní OAuth. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ OAuth kò lè fi àdírẹ́sì wọ̀nyí ránṣẹ́. Ẹ lo àdírẹ́sì mìíràn fún un.

5. Ẹ wo TLS

TLS ni àgádágodo tí ó ń dáàbò bo ìwé yín lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2021, ni wọ́n kéde pé kí a má lo TLS 1.0 àti 1.1 mọ́. Ọ̀pọ̀ sáfà kì í gba ohun tí ó bá kéré sí TLS 1.2. Bí ẹ kò bá rí 1.2 nínú ètò ẹ̀rọ yín, ẹ fi nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ béèrè fún firmware tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Bí kò bá sí, kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó lè yanjú rẹ̀.

6. Bí ìwé bá tóbi jù

Gmail kò gbà ju 25 MB lọ, ìwé sì máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan tóbi sí i nígbà tí a bá dì í sínú ímeèlì. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá 18 MB. Ẹ lo 200 tàbí 300 dpi, ẹ yan dúdú-àti-funfun, tàbí kí ẹ pín in sí méjì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà

Ẹ síkáànì sínú fíláàṣì, kí ẹ sì ti orí kọ̀ǹpútà fi ìwé náà ránṣẹ́. Ọ̀nà yìí kò ná yín ní nǹkankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tan SMB1 lórí Windows kí ẹ̀rọ lè máa fi ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe gbà. Ilẹ̀kùn tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ dáadáa ni.

Ìkìlọ̀

- Ẹ má ṣe fún atúnrọ-ṣe ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín gangan. App Password ni kí ẹ fún un. Ẹ lè pa á rẹ́ nígbàkígbà.
- Bí ẹ̀rọ bá kọ OK, ohun tí ó ń sọ ni pé sáfà ti gba ìwé náà. Ẹ bi ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí bóyá ó ti dé, kí ó sì wo inú Spam.
- Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá ní háàdì dísíìkì tí ìwé àwọn ènìyàn lè wà nínú rẹ̀. Ẹ nù ún mọ́ kí ẹ tó tà á. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ọdún 2023 sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá ń tọ́jú ìsọfúnni ẹlòmíràn pé kí ó dáàbò bò ó.