Ṣ: Àmì Kékeré Tó Bọ́ Lábẹ́ Orúkọ Wa



Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní fásitì, ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í ṣe Yorùbá ka orúkọ ìlú mi lórí fọ́ọ̀mù. "Ilesa" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ṣe pè é, bí ẹni ń pe "sálúbàtà". Mo rẹ́rìn-ín, mo tún un pè fún un. Ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ kọ síbí nìyẹn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí wọ́n kọ ló kà.

Ṣ ni lẹ́tà tí mò ń wí. Òun ló wà nínú Ọ̀ṣun, Òṣogbo, Iléṣà àti Ìjẹ̀ṣà. Àmì abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òsì ni ọwọ́ tí a kì í fi fún àgbà ní nǹkan. Òṣì ni ìṣẹ́. Osùn là ń fi kun ara ọmọ tuntun; Ọ̀ṣun ni odò. Ẹ yọ gbogbo àmì kúrò, "osun" ni odò àti osùn ń jẹ́. Ìtàn Òṣogbo pàápàá rọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní nígbà tí Olútìmẹ́hìn àti Lárooyè ń gé igi létí odò, igi wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ohùn kan sì ké láti inú omi, ó pè wọ́n ní oṣó igbó. Bí àmì bá bọ́, oṣó ti bá a lọ.

Báwo la ṣe rí lẹ́tà yìí? Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn tó sọ Yorùbá di kíkọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà kan fún ìró yìí, "sh" ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní 1855, Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ábídí tí yóò bá gbogbo èdè mu: ìró kan, lẹ́tà kan. Ìjọ CMS tì í lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní 1875, Crowther ló ṣe alága, Ṣ sì dúró. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 náà kò yọ ọ́.

Àmọ́ ìjọba òyìnbó ní tiwọn kò fi "sh" sílẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé ìlú ní 1907, "Oshogbo" ni wọ́n ń kọ. Nígbà tó yá, a yọ "h" kúrò, a ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n a kò fi àmì sí abẹ́ "s". Báyìí la ṣe dá ìpínlẹ̀ "Osun" sílẹ̀ ní August 27, 1991, tí UNESCO sì kọ "Osun-Osogbo" sínú ìwé ní 2005.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Oxum ni wọ́n ń kọ ní Brazil, Ochún ní Kúbà. Wọ́n wá lẹ́tà tó gbé ìró náà. Àwa tí a wà létí odò gan-an la pàdánù rẹ̀.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà lórí fóònù báyìí, a kò ní àwáwí mọ́. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ àṣetiléwá àti iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wa. Ọ̀rẹ́ mi ti mọ Iléṣà pè. Fọ́ọ̀mù wa ló kù tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ.