Ẹni Tó Ń Jẹ́jọ́ Kì Í Ṣe Olè

Inú máa ń bí mi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní lórí rédíò pé, "Wọ́n ti wọ́ olè méjì lọ sílé-ẹjọ́ Májísíréètì." Adájọ́ kò tíì gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni, ẹlẹ́rìí kankan kò tíì búra, ṣùgbọ́n èdè wa ti dá ẹjọ́ náà tán. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Abala kan náà ló ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un ní èdè tó gbọ́, kí ó gba agbẹjọ́rò tó wù ú, kí ó sì rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kí ni yóò fi ṣe é bí ọ̀rọ̀ ẹnu ògbufọ̀ bá ti dè é mọ́lẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ kò ní wàhálà. Adájọ́, ẹlẹ́rìí, ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn, onídùúró: gbogbo wa la gbọ́ wọn. Béèlì àti lọ́yà ti di Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí wọn. Adigunjalè náà ń bẹ níbẹ̀, ogun wà nínú rẹ̀, ikú sì ni ìjìyà tí òfin àpapọ̀ là kalẹ̀ fún ẹni tó bá gbé ohun ìjà jalè.

Ẹ̀sùn pàápàá dára púpọ̀. Inú "fi ẹjọ́ sùn" ló ti jáde, kò sì sọ ju pé ẹnìkan ti fi ẹlòmíràn sùn. Lórí orúkọ ẹni tí ẹ̀sùn náà wà lọ́rùn rẹ̀ ni ìjà wà. "Ọ̀daràn" ni ẹni tó dá ọ̀ràn. Bí a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, iye ọdún ẹ̀wọ̀n nìkan ló kù kí adájọ́ kà. Àwọn oníwèé ìròyìn wá ń kọ "afurasí". Mo mọ̀ pé ó ti wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u wò. Apẹja ni ẹni tó ń pẹja, apànìyàn ni ẹni tó pànìyàn. Afurasí, nígbà náà, ni ẹni tó ń fura sí ẹlòmíràn, ìyẹn ọlọ́pàá gan-an! "Ẹni àfurasí" ló yẹ kí a máa wí, bí a ṣe ń wí pé "ẹni àyànfẹ́". Ohùn ìsàlẹ̀ orí "à" yẹn ló yí ìtumọ̀ padà. Bó bá sì ti dé iwájú adájọ́, olùjẹ́jọ́ ni. "Jẹ́" inú rẹ̀ ni ti "jẹ́ ìpè": wọ́n pè é, ó wá dáhùn. Kò sí ẹ̀bi kankan nínú ìyẹn.

Ìdààmú tó ju ti orúkọ lọ wà lára ẹ̀sùn olè jíjà fúnra rẹ̀. Mo ti rí i tí ẹnìkan kọ "ìmú-ǹkan-oníǹkan-lọ́nà-àìtọ́". Ó gùn, kò sì pé. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ti mọ̀ láti 1916 sọ ní abala 383 pé ẹni tó fi èrò ẹ̀tàn mú ohun tó ṣeé jí, tàbí tó fi irú èrò bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀, ti jalè. Èrò ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó ṣèèṣì mú agbòjò ẹlòmíràn kúrò ní ilé àríyá kì í ṣe olè.

Àwọn ògbufọ̀ fẹ́ràn "jí", ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ wà nínú "jí". Ẹ wo awakọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kó owó fún pé kó lọ tún ọkọ̀ ṣe, tó wá ná an. Ògbufọ̀ ní, "O jí owó ọ̀gá rẹ." Awakọ̀ ní, "N ò jí i, ọ̀gá ló kó o lé mi lọ́wọ́." Òótọ́ ló sọ ní Yorùbá, àmọ́ ìbéèrè tí òfin bi í kọ́ ló dáhùn. "Ó kó owó jẹ" là ń wí nílé àti lọ́jà, òun ló sì yẹ kí wọ́n kà sí i létí. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi, torí abala 390 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni olè jíjà lásán lè fà, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá jí ohun ọ̀gá rẹ̀, ó lè dé ọdún 7. Èmi fara mọ́ "olè jíjà" fún orúkọ ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà kí ògbufọ̀ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ó jí i ni, ó kó o jẹ ni, àbí ó sọ ọ́ di tirẹ̀?

Ní ti ẹni tó gba ẹrù olè, àwọn kan ní agbódegbà ti tó. Kò tó. A-gbé-òde-gbà: ó dúró síta nígbà tí olè wà nínú ilé, ó ń gba ẹrù bó ṣe ń jáde. Ìyẹn bá olè jalè ni, abala 7 sì kà á mọ́ ọn. Ẹni tó ra fóònù lọ́wọ́ olè lọ́jọ́ kejì, tó sì mọ̀ pé olè ni, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. "Agbẹrù-olè" ni èmi yóò pè é. Abala 427 lè fi í sẹ́wọ̀n ọdún 14, ó ju ti olè fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ó ku "mo jẹ̀bi". Láàárín wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Ọmọlúàbí á dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbà, á ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú," kí ìjà lè parí, kódà bó bá mọ̀ pé òun jàre. Nílé-ẹjọ́, gbólóhùn kan náà lè sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Kí ògbufọ̀ bi í pé, "Ṣé lóòótọ́ lo ṣe ohun tí wọ́n kà yìí, bí wọ́n ṣe kà á?" Ibí ni iṣẹ́ agbẹjọ́rò ti hàn: ó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ó bá a rò ó. Òun ni yóò bèèrè ibi tí ẹ̀rí èrò ẹ̀tàn wà. Ẹni tí kò lówó lè lọ bá Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Òfin tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976.

Ẹ̀yin ògbufọ̀, ẹ̀yin oníròyìn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi "olè" àti "ọ̀daràn" sílẹ̀ títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Ìwọ tó ń kà á, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan èèyàn rẹ, sọ fún un kó má ṣe sọ "mo jẹ̀bi" kí lọ́yà tó dé.