Ata Wa àti Attah Wọn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọlọ. Bí ìyá bá ní kí ọmọ lọ ra ata wá ní Karaworo níbí, ohun tó ń ta lẹ́nu ló ń fẹ́. Àmọ́ bí ọmọ Igala, aládùúgbò wa, bá sọ pé "ata", bàbá rẹ̀ ló ń sọ. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni oyè ọba wọn ní Idah, Attah Igala, ti jáde. Bàbá gbogbo wọn ni.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìtàn ìlú wa. Ní September 1841, àwọn Òyìnbó gúnlẹ̀ sí Idah, wọ́n bá Attah Ocheje ṣe àdéhùn, wọ́n sì gòkè wá sí ibi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé, wọ́n dá oko síbẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà pẹ̀lú wọn. Kò tíì di àlùfáà nígbà náà. Mo máa ń rò ó bóyá ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ oyè náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà ni pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé, níwọ̀n ìgbà tí "ata" ti jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwa la ni oyè náà. Kíá, àríyànjiyàn á ti dé orí ẹni tó kọ́kọ́ dé ìpàdé odò. Ẹ gbọ́ ná. Láàárín àwọn Akan ní Ghana, ìbejì ni Atta. Kofi Atta Annan, tó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 sí 2006, ìbejì ni. Ní Íńdíà, ìyẹ̀fun àlìkámà ni. Àwọn èèyàn wa ní London ń rí i lára àpò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní 1934, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Tọ́kì fún Mustafa Kemal ní orúkọ Atatürk, ìyẹn bàbá àwọn ará Tọ́kì. Ó bá ti Igala mu wẹ́kú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnì kejì. Ìró tó rọrùn fún ẹnu ọmọ ọwọ́, bíi ta, ba, pa àti ma, ni ọ̀pọ̀ èdè fi ń pe bàbá àti ìyá. Ṣé a ó wá sọ pé Atatürk náà jẹ́ mọ̀lẹ́bí wa?

Ata rodo tí à ń jà lé lórí pàápàá, àlejò ni. Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn 1492. Ataare ló jẹ́ ti ilẹ̀ wa.

Ìbátan ni èdè Igala àti Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ata kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀. Ọmọ wa ni ọma wọn, omi wa ni omi wọn, méjì àti mẹ́ta wọn kò sì jìnnà sí tiwa. Irú àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í sábà ti ọwọ́ àlejò wá, tí wọ́n sì pọ̀ lọ báyìí, ni ká máa wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ẹ bi àwọn ará wa tó jẹ́ Igala léèrè ohun tí wọ́n ń pe ata ọbẹ̀ nílé wọn.