Láàrin Ẹni Tó Rí àti Ẹni Tó Ń Pàṣẹ: Àyẹ̀wò Ìwádìí lórí Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ìpinnu Ṣíṣe nígbà Pàjáwìrì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2002, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni bọ́ǹbù kò bà rárá. Inú kánáàlì Òkè-Afà ni wọ́n kú sí, níbi tí wọ́n sá gbà nínú òkùnkùn, tí ewé bo ojú omi débi pé ẹni tó ń sáré bọ̀ kò mọ̀ pé omi ló wà níwájú. Àwọn kan rò pé ogun ló dé, àwọn mìíràn rò pé àwọn ṣọ́jà ló ń gbàjọba. Ẹni tó wà nítòsí bárékè rí ibi tí iná ti ń jó, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìsọlọ̀ tàbí Ẹjìgbò kàn ń gbọ́ ìró ni. Ohùn tó yẹ kó sọ fún un pé ibi báyìí ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, pé kó má gba apá báyìí lọ, kò tètè dé etí rẹ̀.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Láti nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn àti bí ènìyàn ṣe ń pinnu nígbà tí àjálù bá dé. Àwọn onímọ̀ àwùjọ ṣe tiwọn, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ṣe tiwọn, àwọn tó ń wádìí iṣẹ́ ìṣàkóso náà sì dá tiwọn sílẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka iṣẹ́ ara wọn. Síbẹ̀, bí a bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ síwájú, ojú ibì kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí: àlàfo tó wà láàrin ẹni tó rí nǹkan àti ẹni tó láṣẹ láti ṣe nǹkan sí i.

Ìlú Halifax ní Kánádà ni ọ̀pọ̀ ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ yìí sí. Ní 6 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1917, ọkọ̀ ojú omi Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Mont-Blanc, tó kún fún ohun abúgbàù, kọlu ọkọ̀ mìíràn ní èbúté, ó sì gbiná. Ó tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kó tó bú. Àwọn atukọ̀ tó mọ ẹrù inú rẹ̀ ti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n ń sá, wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n ń sọ, ariwo èbúté náà sì pọ̀. Àwọn ará ìlú wá dúró sójú fèrèsé, wọ́n ń wo iná. Nígbà tí ọkọ̀ náà bú, gíláàsì fèrèsé ló fọ́ sí ọ̀pọ̀ wọn lójú. Àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan, Vincent Coleman, tó gbọ́ ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà, padà sídìí ẹ̀rọ wáyà rẹ̀ láti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ dúró. Ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Àlùfáà kan tó sìn ní ìlú yẹn, Samuel Henry Prince, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Columbia. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1920.

Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ ni ti E. L. Quarantelli àti Russell Dynes. Ní 1963 ni àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn dá ibùdó ìwádìí àjálù sílẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1985 ni wọ́n kó o lọ sí Delaware. Ohun tí wọ́n rí níbi àjálù kan dé òmíràn ta ko èrò ọ̀pọ̀ aláṣẹ. Jìnnìjìnnì tó ń sọ ènìyàn di aláìníronú ṣọ̀wọ́n. Ará àdúgbò ló kọ́kọ́ máa ń yọ ará àdúgbò, kí ọkọ̀ ìjọba tó dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé aláṣẹ tó gbà pé jìnnìjìnnì máa mú àwọn ènìyàn a máa pa ìròyìn mọ́ra, a sì máa fi falẹ̀.

Ẹnìkan lè ní Òkè-Afà ta ko àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sá lọ síbẹ̀ kò ya wèrè. Ìyá tó gbọ́ bọ́ǹbù lọ́tùn-ún, tó gbé ọmọ pọ̀n, tó dorí kọ òsì, ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ló ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó mọ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó yẹ kó fún un ní ìmọ̀ náà ni ká sì bi.

Kí ni ènìyàn ń ṣe nígbà tí ìkìlọ̀ bá dé etí rẹ̀? Dennis Mileti àti John Sorensen kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ lórí èyí ní 1990. Michael Lindell àti Ronald Perry náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Gbígbọ́ kọ́ ni ṣíṣe. Ohun tí wọ́n sọ ní láti yé ẹni tó gbọ́ ọ, kó gbà á gbọ́, kó rí i pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí, kó tó ronú ohun tó máa ṣe. Láàrin gbogbo èyí, yóò kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn léèrè: yóò pe àbúrò, yóò yọjú sí aládùúgbò, yóò tan rédíò mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì a máa bínú sí ìdádúró yìí bí ẹni pé agídí ni. Ìwádìí fi hàn pé apá kan ìpinnu ni, pé ìkìlọ̀ tó sọ ibi tí ewu wà, ìgbà tó máa dé, ohun tí ènìyàn yóò ṣe gan-an, tó sì ti ẹnu ju ẹnìkan lọ wá, ló ń dín àkókò náà kù.

Bí a bá kúrò lọ́dọ̀ ará ìlú, tí a wá sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń pàṣẹ, orúkọ Gary Klein la máa kọ́kọ́ bá. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀gá panápaná lẹ́nu wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n retí pé àwọn ọ̀gá náà yóò máa gbé ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta wọ̀n kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá náà ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti wo iná, wọ́n á rántí irú rẹ̀ tí wọ́n ti bá pàdé, ọ̀nà kan á sọ sí wọn lọ́kàn, wọ́n á fi ojú inú gbé e wò, bí kò bá ní àbùkù, wọ́n á ṣe é. Àbájáde yìí yí ìmọ̀ ìpinnu padà, ó sì tọ́ sí gbogbo ìyìn tó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà rẹ̀. Ní 2009, Klein àti Daniel Kahneman, tí èrò wọn ta ko ara wọn tẹ́lẹ̀, jọ kọ àpilẹ̀kọ kan. Wọ́n fẹnu kò pé ojú ogbó ṣeé gbára lé níbi tí nǹkan bá ti ń tẹ̀lé ìlànà tó ṣeé mọ̀, tí ènìyàn sì ti ráyè kọ́ ọ, tó ń rí àbájáde ohun tó ṣe. Níbi tí èyí kò bá sí, ó lè dá ọ̀gá lójú gan-an, síbẹ̀ kó ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé Mann Gulch. Ní 5 oṣù Ògún ọdún 1949, panápaná 15 fi páráṣúùtì bọ́ sínú igbó ní Montana láti pa iná kan. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan darapọ̀ mọ́ wọn. Iná náà fò kọjá, ó dínà odò tí wọ́n ń lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn gòkè. Olórí wọn, Wagner Dodge, ní kí wọ́n ju irinṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí: ó ṣáná sí koríko iwájú ara rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sínú eérú ibi tó ti jó, ó ń ké sí wọn pé kí wọ́n wá. Ẹnì kankan kò wá. 13 nínú àwọn 16 kú. Dodge yè nínú eérú náà, àwọn méjì mìíràn sì rí àlàfo àpáta kan gbà.

Ìpinnu Dodge tọ̀nà. Kí ló wá dé tí kò gba àwọn yòókù là? Karl Weick dáhùn ní 1993, nínú àpilẹ̀kọ tí mo rò pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ yìí tí kò yẹ kó kà. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ náà kò tíì mọ ara wọn dáadáa, Dodge gan-an kò mọ ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n retí iná kékeré. Nígbà tí Dodge ní kí wọ́n ju irinṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò mọ ẹni tí àwọn jẹ́ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá wọn tún ń dáná nígbà tí iná ń lé wọn. Àlàyé kò sí, àkókò rẹ̀ náà kò sí. Àṣẹ tó tọ̀nà tí kò nítumọ̀ létí ẹni tó gbọ́ ọ kò yàtọ̀ sí ariwo. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló yẹ kí ìgbẹ́kẹ̀lé tó máa mú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ti wà láàrin wọn.

Ní Mann Gulch, ọ̀gá rí, ọmọ iṣẹ́ kò rí. Ní Grenfell, òdìkejì ni. Ilé alájà 24 ni ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ìpè àkọ́kọ́ wọlé ní aago kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, 14 oṣù Òkúdù ọdún 2017. Ìlànà irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù dúró sínú yàrá rẹ̀, nítorí ògiri kọnkéré kì í jẹ́ kí iná kọjá láti yàrá kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe, wọ́n ti fi ohun tó ń gbiná bo ara rẹ̀ lóde. Ìta ni iná gbà gòkè. Àwọn tó wà lókè ń pe tẹlifóònù, wọ́n ń ṣàlàyé pé èéfín ti wọlé, pé iná wà lójú fèrèsé. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìpè, tó wà níbi tó jìnnà, ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró, panápaná ń bọ̀. Panápaná tó wà nísàlẹ̀ ń rí iná tó gun òkè, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń pè ń sọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe yẹ: wọ́n ń kọ nọ́ńbà yàrá sórí bébà, wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 47 ni àṣẹ náà tó yí padà. Ènìyàn 72 kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí adájọ́ Martin Moore-Bick darí sọ ní 2019 pé láàrin aago kan àbọ̀ sí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti yẹ kí wọ́n yí i padà.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ tó lè gbà wọ́n là wà nílé. Ó pín sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní 2009, ènìyàn mẹ́fà ti kú ní Lakanal House ní ìlú kan náà, níbi tí wọ́n ti sọ fún àwọn tó ń pè pé kí wọ́n dúró. Ọgbọ́n náà wà nínú ìwé. Kò tíì di ìṣe nínú yàrá ìpè.

Ó tún yẹ ká wo ibi tó ti dára, ó sì wù mí pé Èkó ni. Ní 20 oṣù Agẹmọ ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ pápákọ̀ òfurufú Èkó láti Làìbéríà. Àwọn dókítà ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, ilé ìwòsàn aládàáni ló bá ara rẹ̀. Dókítà Ameyo Adadevoh fura sí i, ó ránṣẹ́ sí ìjọba, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ ọn. Lọ́wọ́ obìnrin yìí, rírí àti àṣẹ pàdé níbì kan náà. Àrùn náà ló pa á ní 19 oṣù Ògún. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Sawyer dé, ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó ti dá ibùdó ìdarí kan ṣoṣo sílẹ̀. Wọ́n ti mọ irú rẹ̀ lò fún àrùn rọpárọsẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti mọ ara wọn, ohun tí ikọ̀ Dodge kò ní. Wọ́n tọpa ènìyàn 894, àwọn òṣìṣẹ́ sì lọ sílé wọn ní nǹkan bí ìgbà 18,500 lápapọ̀. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú. Ní 20 oṣù Ọ̀wàrà, àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Síbẹ̀, láàrin àkókò yẹn kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìlú kan pé kí àwọn ènìyàn mu omi iyọ̀ kí wọ́n sì fi wẹ̀ nítorí Ebola. Ọ̀pọ̀ ṣe é lóru ọjọ́ náà. Mo rọ àwọn olùwádìí pé kí wọ́n yé e fi èyí ṣe àpẹẹrẹ àìmọ̀kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà: ó sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe, ó sọ ìgbà tí yóò ṣe é, ohun èlò rẹ̀ wà ní gbogbo ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ló sì fi ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí Mileti àti Sorensen ní ìkìlọ̀ rere gbọ́dọ̀ ní ló wà nínú rẹ̀, àfi òtítọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òtítọ́ náà yára, kó sì gba ẹnu ẹni tí wọ́n fọkàn tán bẹ́ẹ̀.

Níbí ni àìtó ìwádìí ti hàn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo yẹ̀ wò ti wá. Wọ́n ka yàrá ìpè àti tẹlifísọ̀n sí ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Lọ́dọ̀ wa, nọ́ńbà 112 àti 767 wà ní Èkó, ṣùgbọ́n ìyálọ́jà tún wà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wà, akéde ọba wà, àwọn awakọ̀ tó ń kọjá lójú títì wà, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wà lórí WhatsApp. Ta ni nínú wọn tí ìròyìn kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ta ni wọ́n ń gbà gbọ́ lóru?

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ṣe. Bí àwọn aláṣẹ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun bá fẹ́ tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, àwọn ará Ìṣẹrì àti Ajégunlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni omi ń bá, gẹ́gẹ́ bó ṣe bá wọn ní oṣù Ọ̀wàrà 2010. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró ní ìdídò lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde, kó kọ wákàtí náà sílẹ̀, kó wá máa bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ ní ìsàlẹ̀ odò láti ẹnu dé ẹnu, kó kọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, àti wákàtí tó dé etí ẹni tó ń gbé yàrá tó sún mọ́ omi jù lọ.